Ẹni Tó Kọ́ Mi Bí A Ti Ń Mú Alángbá

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìdáyàtù,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ òun òwú, ẹ sì kú ìtọ́jú Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ibi tí mo wà, mo sì mọ̀ pé bí ẹ bá rí mi nílẹ̀ báyìí, ẹ óò ní kí n tètè dìde kí ṣòkòtò mi má baà dọ̀tí. Mo kí ọkọ yín, bàbá Ìdáyàtù. Mo kí Ìdáyàtù fúnra rẹ̀, tí wọ́n ní ó ti ga jù mí lọ. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ sọ fún wọn pé mo ń jẹun, àti pé mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pa á láṣẹ.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. A ṣáà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ó tún lè yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lẹ ti rí i, níbi tí gbogbo ọmọ Ìwó, ti ilé àti ti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ti lè kà á. Ẹ ní sùúrù fún mi. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ óò rẹ́rìn-ín, ẹ óò ní kò sí nǹkan kan, ẹ óò bi mí bóyá mo ti jẹun, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. N kò fẹ́ kó parí síbẹ̀. Ojú ti ń tì mí tipẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi, ìtìjú ọ̀hún sì ti dàgbà ju ẹni tí mo lè máa dá gbé lọ.

Ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀ náà ló fà á. Ẹ ní olùkọ́ Ìdáyàtù ti ní kí olúkúlùkù wọn mú alángbá kan wá fún ìdánwò bàọ́lọ́jì. Ẹ ní ẹ ti mú èyí tó dára, tí ìrù rẹ̀ pé, ẹ sì ti lu ihò sí ìdérí ike. Ẹ wá fi ẹ̀rín sọ pé Ìdáyàtù ti bẹ̀ yín kí ẹ má gbé e wá fún òun ní géètì ilé-ìwé, pé òun á gbé e lọ fúnra òun kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí ibùsùn mi, n kò sì lè dìde fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ èyí tó kéré. Mo sọ fún gbogbo yín pé ilé ìwòsàn kan ní Camberwell ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni mò ń lọ síbẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Ọjọ́ márùn-ún tó kù, yunifásítì ni mo wà, níbi tí mo ti ń kàwé tí mo sì ń ṣiṣẹ́, alángbá sì ni iṣẹ́ mi. Alángbá ni mo wí o, àwọn atẹ̀wé kò ṣì í. Mò ń wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n, mò ń wo ohun tí wọ́n jẹ, mò ń kọ bí ara wọn ti gbóná tó sílẹ̀. Ọdún kẹta rèé. Gbogbo ìgbà tí Màámi bá bi mí nípa àwọn aláìsàn mi, mo máa ń sọ pé àlàáfíà ni wọ́n wà, wọ́n sì ń kí wọn.

Àwọn ará ibí náà kò mọ̀. Alhaja tí mo ń gbé yàrá lọ́wọ́ wọn, lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, máa ń sọ pé síífìtì mi ti pọ̀ jù, pé àwọn ilé ìwòsàn fẹ́ fi iṣẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Wọn a gbé àsáró fún mi, wọn a ní kí n jẹ ẹ́ kó tó tutù. Mo ń jẹ ẹ́, mi ò sì la ẹnu. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo ti rí i pé ti èèyàn náà rí bẹ́ẹ̀, pàápàá níbí tí kálukú ti ń wọ bọ́ọ̀sì láì kí ara wọn, tí ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà òtútù. Èèyàn lè máa dá ọ̀rọ̀ mì fún oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló ń gbé mì.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, mo sọ fún yín pé mò ń lọ fún kọ́ọ̀sì. Aṣálẹ̀ ni mo lọ, ní Nàmíbíà, níbi tí oòrùn ti ń mú jù lásìkò tí òtútù ń pa wá ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọyẹ́ sì ń fẹ́ lọ́dọ̀ yín. A lọ mú alángbá lórí òkìtì iyanrìn. Àwa mẹ́ta ni: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá mi, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, àti èmi.

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò rí irú oòrùn bẹ́ẹ̀ rí. Òkìtì iyanrìn ibẹ̀ ga ju ilé gogoro mọ́ṣáláṣí wa lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ìdajì rẹ̀ á yọ̀ padà sísàlẹ̀. Ní àárọ̀ kùtù, iyanrìn tutù, a sì lè rí ipa ẹsẹ̀ gbogbo ohun tó kọjá lóru. Tí ó bá di bí aago mẹ́jọ, tí iyanrìn bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, àwọn alángbá á jáde. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, ẹ ò lè fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Irú kan wà níbẹ̀, kékeré, àwọ̀ iyanrìn gan-an, tó máa ń gbé ẹsẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á gbé e sílẹ̀, á tún gbé méjì yòókù. Bí àwọn ọkùnrin tí ẹní kò kàn ní ìta mọ́ṣáláṣí lọ́sàn-án Jímọ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n bó bá ti fura sí èèyàn báyìí, á sáré, á bẹ́ orí sínú iyanrìn, ó di àwátì.

Ọjọ́ márùn-ún la fi lé wọn. Ọ̀pá ìpẹja gígùn, dúdú, tó ń dán ni a gbé láti Lọ́ńdọ̀nù, a sì ta ojóbó okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu rẹ̀, tí a ó máa rọra fi kọ́ alángbá lọ́rùn láì pa á lára. Atẹ́gùn ń pa ojóbó náà dé. Alángbá ń rí ọ̀pá tó ń dán láti òkèèrè. Méjì péré la rí mú. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n kò jẹun. Wọ́n ní bí a kò bá rí tó, iṣẹ́ mi ti ọdún mẹ́ta ti di òfo nìyẹn, a ó sì padà sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹfà ni mo jókòó sórí iyanrìn, tí mo ronú kan yín.

Mo rántí ẹ̀yìnkùlé wa. Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ń ju òkò lé alángbá lẹ́yìn, ẹ fà mí létí, ẹ ní èmi tó ń ṣe wàhálà ni alángbá ń wò. Ẹ ní alángbá kì í sá fún ohun tó ń rí lójoojúmọ́. Ẹ kò lo igi ìgbálẹ̀ bíi tàwọn ọmọ yòókù. Ẹ gé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lára ọgbà tí alángbá ọ̀hún fúnra rẹ̀ ń gùn, ẹ ta òwú ìránṣọ ní ojóbó sí i, ẹ sì fi itọ́ ra á kí atẹ́gùn má baà pa á dé. Ẹ ní kí n máa wo òjìji ara mi kí n tó máa wo alángbá. Ẹ rọra nawọ́, alángbá mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e sókè bí ẹni ká ata.

Mo ju ọ̀pá ìpẹja sílẹ̀. Mo fa koríko gbígbẹ kan yọ ní ìdí òkìtì, irú èyí tí àwọn alángbá ibẹ̀ ń sáré gba abẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ta òwú sí i, mo fi itọ́ ra á, mo yí kí òjìji mi lè wà lẹ́yìn mi. Alángbá wo koríko. Koríko ni. Ó yí ojú padà. Kí iyanrìn tó gbóná dé ibi tí a kò lè dúró mọ́, méje ni mo ti mú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ òkìtì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé mi. Wọ́n bi mí léèrè ẹni tó kọ́ mi.

Ibí yìí ló wà, Ẹ̀gbọ́n mi. Ibí yìí ni ojú ti ń tì mí. Mo dáhùn pé ẹnì kan ní àdúgbò wa ni. Wọ́n tún bèèrè orúkọ ẹni náà, nítorí wọn kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Mo ní ní ilẹ̀ wa, a kì í dárúkọ àgbà. Òtítọ́ ni. Wọ́n mọ̀ pé òtítọ́ ni, nítorí láti ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń ní kí n máa pe àwọn ní orúkọ àkọ́kọ́ bíi tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, ẹnu mi ò sì gbà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yọ ìwé kékeré wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọkùnrin kan ní abúlé ló kọ́ mi. Mo dúró tì wọ́n, mo rí i bí wọ́n ti ń kọ ọ́. N kò sọ pé kì í ṣe ọmọkùnrin. N kò sọ pé kì í ṣe ará àdúgbò, pé ẹ̀yìn ẹni náà ni mo gbé dàgbà. Mo fi ọ̀wọ̀ bo ìtìjú mọ́lẹ̀, mo sì ń ṣe bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.

Kí ni mo ń tijú? Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí ni kò mọ̀, àwọn ni mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi wà ní kíláàsì kẹta ilé-ìwé girama. Ìyá wa ní láti máa lọ sóko láti ìdájí. Mo kéré, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì mí. Ẹ̀gbọ́n mi ká aṣọ ilé-ìwé wọn, wọ́n gbé e sísàlẹ̀ àpótí, wọ́n sì pọ̀n mí. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Lọ́dọọdún, tí ìdánwò bàọ́lọ́jì bá súnmọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù alángbá ń bà máa ń wá rà á lọ́wọ́ wọn. Àǹtí Alángbá ni wọ́n ń pè wọ́n. Ilé-ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ nítorí mi náà ni wọ́n ń gbé alángbá lọ.

Ó kan ọdún tí èmi náà fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo gbàgbé tèmi sílé. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta. Ẹ̀gbọ́n mi rìn láti ilé wá sí géètì pẹ̀lú ike lọ́wọ́, àjákù òwú ìránṣọ ṣì wà lára ìró wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pariwo Àǹtí Alángbá. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mo mọ̀ wọ́n, torí ojú wa jọ. Mo ní rárá o, mo kàn máa ń rí wọn ládùúgbò ni.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Wọn kò jìnnà sí mi ju bí ilẹ̀kùn ti jìnnà sí fèrèsé. Mo dúró, mo ń retí kí wọ́n fọ́ mi létí. Dípò ìyẹn, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ bí olùtajà ti ń ṣe, wọ́n nawọ́ ike sí mi, wọ́n pè mí ní ẹ̀yin, wọ́n ní kí n gbà á, oníbàárà wọn. Wọ́n bá mi pa irọ́ mi mọ́. Wọ́n yí padà, wọ́n rìn lọ nínú oòrùn. Nígbà tí mo délé, oúnjẹ mi wà nínú abọ́, ẹran rẹ̀ sì tóbi ju tiwọn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ náà títí di Jímọ̀ tó kọjá, “oníbàárà mi” lẹ ń pè mí. Gbogbo ilé rò pé àwàdà ni. Màámi náà ń fi pè mí nígbà mìíràn. Mo mọ̀ pé ẹ ti dáríjì mí, ẹ̀rín sì máa ń wà lẹ́nu yín tí ẹ bá ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ kò pè mí ní àbúrò yín mọ́ láti ìgbà náà. Mo ti ka gbogbo ìpè wa, n kò rí i.

Ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú Jímọ̀ yẹn, àwọn atẹ̀wé fi ìwé tí a kọ lórí bí a ti mú àwọn alángbá náà ránṣẹ́ sí mi, kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi ló wà níwájú. Mo ń kà á lórí fóònù ní Camberwell Green, mo dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé èmi ni mo hùmọ̀ ọgbọ́n náà láti inú eré tí èmi àti ọmọkùnrin abúlé kan jọ ṣe ní kékeré. Mo wọ bọ́ọ̀sì láì wo nọ́ńbà rẹ̀. Ìgbà tí mo máa gbé ojú sókè, Forest Hill, tó jìnnà sí ilé, ni mo bá ara mi, òjò ń rọ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Síbẹ̀, mo ṣì pa á mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo ń sọ fún ara mi pé ta ni yóò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ìwó. Ìdáyàtù àti ike rẹ̀ ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Alhaja ni mo kọ́kọ́ sọ fún, nínú kíṣìnnì wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti ilé ìwòsàn, ti alángbá, ti géètì. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n wá bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé mo ti sọ àwọn di ọmọkùnrin. Mo ní wọn ò mọ̀. Wọ́n pòṣé, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, wọ́n sì ní àsáró ti tán lónìí. Ó ṣì wà nínú ìkòkò, mo rí i.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní ojú ti àwọn náà, pé kí ló dé tí àwọn fi rò pé ọmọkùnrin ni láì bèèrè. Wọ́n ní àwọn á bẹ àwọn atẹ̀wé kí wọ́n dá a dúró títí òpin oṣù, kí n wá kọ orúkọ ẹni tó ni ọgbọ́n náà síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, bí ẹni náà bá gbà.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà mi. Mo dìde dúró, nítorí n kò lè jókòó lórí àga kí n máa tẹ orúkọ yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ ọ́ láyé mi nìyẹn. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ pé, èyí tí Bàámi sọ yín, oríkì yín, àti orúkọ ilé wa. Mo wò ó. Mo wá pa á rẹ́, nítorí n kò tíì gba àṣẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú lẹ́tà yìí náà. Àlàfo ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ń retí yín.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá gbà, ẹ sọ fún mi bí ẹ ti fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, n ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní rárá, n kò ní bínú. N ó ní kí wọ́n yọ ọgbọ́n náà kúrò nínú ìwé mi pátápátá, iye alángbá tí a fi ọ̀pá ìpẹja mú ni kí wọ́n kọ, méjì. Kò ní sí ọgbọ́n yín nínú ìwé kankan mọ́ láì sí orúkọ yín lórí rẹ̀. Mo sì kọ ọ́ síta báyìí torí ìta ni mo ti sẹ́ yín, níwájú géètì, lójú èrò. Ẹni bá ṣẹ̀ lọ́jà kì í lọ tọrọ àforíjì ní kọ̀rọ̀ yàrá.

Ìdáyàtù, bí ìwọ lo ń ka èyí fún ìyá rẹ, dúró díẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n gbé ike náà wá sí géètì. Tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́, dáhùn sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Ó máa ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá péré. Èmi ti ń san gbèsè tèmi láti ọdún mẹ́tàlá.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè ọmọ. Ojú yín á mọ́lẹ̀ láti máa rí ihò abẹ́rẹ́ títí ọjọ́ alẹ́. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi rìn nínú oòrùn nítorí mi, kò ní rìn sí ibi. Ẹ kí Màámi, kí ẹ sì rọra ṣàlàyé fún wọn pé alángbá ni aláìsàn mi. Ẹ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ kí gbogbo agboolé, ẹ kí ẹni tó bá bèèrè mi àti ẹni tí kò bèèrè.

Tí ẹ bá pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, n ó gbé e lórí ìdúró. Ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ fi pè mí ni n ó fi mọ èsì yín.

Èmi ni,
àbúrò yín tí ẹ pọ̀n, tí kì í ṣe oníbàárà,
ọmọ yín,
Mùkáílà.